Má tíì ra láptọ́ọ̀pù tuntun

Ìbàdàn

Adéọlá ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù Leeds o, ìwọ àti àwọn ará ilé. Àlàáfíà la wà níbí.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́, pé o fẹ́ fi láptọ́ọ̀pù rẹ tọrẹ kí o lọ ra òmíràn. Jọ̀ọ́, má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án láàárọ̀, ó ń sáré. Ìgbà tí o bá pa á dé tó sùn, tí o tún wá ṣí i lọ́sàn-án, ló máa ń wọ́. Ẹ̀rọ tó ti gbó kì í mọ ìyàtọ̀ àárọ̀ sí ọ̀sán.

Bó bá tún ń wọ́ bẹ́ẹ̀, tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager ṣí, bọ́ sí Performance, kí o tẹ CPU, ìyẹn processor, ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Wo iye tó wà lábẹ́ Speed. Bó bá dúró sí 0.4 tàbí 0.8 GHz, tí kò kúrò níbẹ̀ bí o tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tó wúwo lórí rẹ̀, a jẹ́ pé ohun kan ló di processor náà mú.

Àmì kan wà lára processor Intel tí wọ́n ń pè ní PROCHOT. Bí ooru bá pọ̀ jù, òun ló ń fà á sẹ́yìn kó má baà jóná. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà mìíràn inú láptọ́ọ̀pù náà lè ta àmì yìí sí i, títí kan èyí tó ń ṣọ́ ṣájà àti bátìrì. Bí ẹ̀rọ bá jí tí kò dá ṣájà mọ̀, ó lè kà á sí pé iná tó ń wọlé kò tó, kó wá há processor mọ́ ìsàlẹ̀, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ tutù. O ní fáànù kì í dún rárá nígbà náà. Kò yà mí lẹ́nu.

Ṣájà ni mo fura sí jù. Ṣé èyí tó bá a wá lo ṣì ń lò? Àwọn kan ní abẹ́rẹ́ tín-ín-rín láàárín ẹnu wọn, òun ló ń sọ irú ṣájà tó jẹ́ fún láptọ́ọ̀pù. Bí abẹ́rẹ́ yẹn bá tẹ̀, tàbí wáyà rẹ̀ já nínú, wàhálà dé nìyẹn. Yọ ṣájà náà, jẹ́ kí ẹ̀rọ sùn kó sì jí lórí bátìrì nìkan, kí o tún wo Speed.

Bí kò bá yí padà, Restart ni kí o ṣe. Shut down lórí Windows kì í sábà nu gbogbo nǹkan kúrò, nítorí Fast Startup, ètò tó ń tọ́jú apá kan Windows pamọ́ kó lè tètè tàn. Bí ìyẹn náà ò bá ràn án, pa á, yọ ṣájà, kí o tẹ bọ́tìnnì tí o fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 30. Lẹ́yìn náà, wo ojú ìwé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bóyá BIOS tuntun wà, ìyẹn ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó wọlé. Ní báyìí ná, máa lo Hibernate, tó ń kó iṣẹ́ rẹ pamọ́ sórí dísìkì kó tó pa ẹ̀rọ, dípò Sleep. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó jí, àmọ́ ó sàn jù.

Wọ́n lè ní kí o fi ètò kan tó ń jẹ́ ThrottleStop pa BD PROCHOT, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn ẹ̀yà mìíràn ń gbà ta àmì yẹn sí processor. Ó máa ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí o fi bẹ̀rẹ̀. Ààbò ni àmì yẹn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ta á.

Ya fọ́tò ẹnu ṣájà náà àti ohun tí wọ́n kọ sí i lára, kí n lè rí wáàtì rẹ̀. Fi ránṣẹ́ kí o tó sùn lálẹ́ òní.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ṣẹ́gun