Àbẹ̀kẹ́, ẹnu ta lo fi sọ̀rọ̀?

Bẹẹrẹ, Ìbàdàn.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ẹ̀gbọ́n rẹ dé láti ọ̀dọ̀ yín, ọ̀rọ̀ tó sọ kò jẹ́ kí n róorun sùn. Ó ní olùkọ́ yín ní kí ẹ kọ bí ewì tí J. P. Clark kọ nípa Ìbàdàn ṣe rí lára yín, pé fóònù lo ní kó bá ọ kọ tìrẹ. N ò gbà á gbọ́, àfìgbà tó fi iṣẹ́ náà hàn mí. Òyìnbó ibẹ̀ dán lóòótọ́. Ohùn rẹ ni n ò gbọ́.

Orúnkún bàbá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀. Táíwò ti ṣe JAMB. Ọjà kò tà ní Gbági.

Ewì yẹn kò ju ìlà márùn-ún lọ, Táíwò ló kà á fún mi. Ó ní ìpẹtà àti wúrà ni Ìbàdàn, tí a fọ́n ká sáàárín òkè méje bí àwo tánńganran tó fọ́ nínú oòrùn. Ìwọ wá kọ ọ́ pé ó “ń ṣàfihàn ìgbà ọ̀làjú”. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Ìwọ tí mo máa ń rán níṣẹ́, tí màá wá ọ wá ọ, orí àtẹ̀gùn Màpó ni n ó ti bá ọ, tí o ń wo àwọn páànù yẹn! O mọ bí wọ́n ṣe ń dán tí òjò bá dá, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ràn sí wọn. Èmi o, àwo fífọ́ yẹn bí mi nínú. Ẹni tó dúró lókè lè ní ó lẹ́wà, àwa tí à ń gbé ìsàlẹ̀ là ń fẹsẹ̀ tẹ àfọ́kù. Bóyá n ò gbọ́ ọ yé. Bó ṣe rí lára mi nìyẹn ṣá.

Àbẹ̀kẹ́ mi, o gbọ́n, mo mọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí wọ́n bi ọ́ léèrè ohun tó wà nínú rẹ lọ́jọ́ kan, kí o máa wo fóònù.

Nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́, Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969 la máa ń yá lọ́wọ́ ara wa. Gbogbo kíláàsì ló fẹ́ràn Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́ yẹn. Èmi, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ju ti àwọn ọ̀daràn tó ń lé lọ. Tíṣà bi mí, mo ní akọni ni, torí ohun tí gbogbo wọn ń sọ nìyẹn. Kò pẹ́ tí bàbá mi fi mú mi lọ sọ́jà. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ohun tí mo rò nípa ìwé kankan mọ́.

Owó tí o béèrè, màá fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Má febi pa ara rẹ nítorí pé inú ń bí mi. Ṣùgbọ́n tún iṣẹ́ yẹn kọ. Bí ewì náà bá sú ọ, kọ ọ́ pé ó sú ọ, kí o tọ́ka sí ìlà tó ti sú ọ. Bí wọ́n bá gé máàkì, kí wọ́n gé e.

Kí o sì pè mí, olóríkunkun. Fóònù tó mọ ewì kọ, ṣé òun ni kò mọ ìyá pè?

Èmi ni,
Màmá rẹ.