Àjọkẹ́, gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ "lord" ti wá

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù Kent ń kọ́? Ilé ẹ̀kọ́ wa ti wọlé, àbíkẹ́yìn mi ti ń rìn, a sì ti parí òrùlé ẹ̀yìnkùlé.

Ọ̀rọ̀ kan ló gbà mí lọ́kàn, ìwọ nìkan ni mo sì lè sọ ọ́ fún. "Lord" ni, èyí tí wọ́n fi ń pe Olúwa nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì fi ń pe àwọn ọlọ́lá London. Ǹjẹ́ o mọ̀ pé hlāfweard ni láyé àtijọ́? Hlāf ni búrẹ́dì, òun ló di "loaf" lónìí. Weard ni olùṣọ́. Olùṣọ́ búrẹ́dì, Àjọkẹ́! Ẹnu ló gé e kúrú di hlāford, kó tó wá di "lord". "Lady" ni hlǣfdige, obìnrin tó ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ wọn ni hlāfǣta, ajẹbúrẹ́dì.

Ajẹbúrẹ́dì yìí ló dùn mí jù. Ó wà nínú òfin Æthelberht, ọba Kent, ní nǹkan bí ọdún 600. Ẹni tó bá pa ọmọ ènìyàn tó lómìnira, ṣílè 100 ni yóò san. Bó bá jẹ́ ajẹbúrẹ́dì ilé àgbẹ̀ ló pa, ṣílè 6 péré! Nítorí pé ó ń jẹun lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Màámi ò ṣírò wa bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ ilé, ọmọ ìta, gbogbo wa là ń gbé àwo lọ síwájú wọn, wọn ò sì bi ẹnikẹ́ni pé ọmọ ta ni. Bí a bá ń wá ẹni tí orúkọ hlǣfdige yẹ, àwọn ni.

Àjọkẹ́, wọn ò dáná mọ́. Orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n dúró ti ààrò, wọn kì í sì í fẹ́ bẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo yà sọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀kọ tútù ni wọ́n ń jẹ ní ọ̀sán. Wọ́n ní àwọn kàn ń gbààwẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín níwájú wọn, àmọ́ ọ̀nà ilé ni mo ti sunkún. Mo ti ń gbé ọbẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni wọ́n ń wo ọ̀nà fún.

Ìwé tí wọ́n da òfin Æthelberht kọ sí, Textus Roffensis, ti kàtídírà Rochester ni, nítòsí rẹ. Bá mi wá bí o ṣe máa rí i. Ṣùgbọ́n kó o tó lọ, jọ̀ọ́, ra tíkẹ́ẹ̀tì oṣù Kejìlá. Bí owó ò bá tó, sọ fún mi, a ó jọ wá a. Pè wọ́n lálẹ́ òní, kó o sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n jẹ. Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo sọ o.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́ rẹ