Lẹ́tà Ìyá sí Ọmọ Rẹ̀ Tí Ó Ń Kọ́ Iṣẹ́ Ẹnjiníà ní London

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì dúpẹ́ pé ara rẹ le. O ní àyẹ̀wò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi ọ́ sí níbi iṣẹ́ ti sú ọ, pé afárá ni ọkàn rẹ ń fẹ́ láti kọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú mi rántí Joseph Bazalgette, ẹnjiníà tí ó kọ́ kòtò omi ẹ̀gbin sábẹ́ ilẹ̀ London láyé àtijọ́, nítorí orí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ ń rìn ní ìlú yẹn lójoojúmọ́.

Nígbà tí ó di olórí ẹnjiníà fún Metropolitan Board of Works, ìgbìmọ̀ tí ó ń bójú tó iṣẹ́ ìlú London, ní 1856, inú odò Thames ni ẹ̀gbin London ń ṣàn sí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń mu omi odò náà. Àrùn onígbáméjì ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Síbẹ̀, ìgbà tí òórùn odò bo ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin nígbà ooru 1858 ni wọ́n tó tètè fọwọ́ sí owó iṣẹ́ kòtò náà. Ó dùn mí pé ikú tálákà kò ká wọn lára tó bẹ́ẹ̀.

Ó fi bíríkì mọ kòtò ńláńlá sábẹ́ ilẹ̀, tí gígùn wọn tó máìlì 82, kí wọ́n lè gba omi ẹ̀gbin kí ó tó dé odò, kí wọ́n sì gbé e kọjá ìlú lọ sí apá ìlà-oòrùn. Ó fún wọn ní ìdagẹ̀rẹ̀ kí omi lè máa ṣàn fúnra rẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù, ẹ̀rọ ńlá ni ó ń fà á sókè, bíi ti Crossness àti Abbey Mills.

Ṣùgbọ́n ti sìmẹ́ǹtì gan-an ni mo fẹ́ kí o gbọ́. Sìmẹ́ǹtì Portland, irú èyí tí wọ́n fi mọ kòtò náà, kò tíì wọ́pọ̀ nígbà náà. Ó ń le dáadáa nínú omi, àmọ́ bí wọn kò bá sun ún dáadáa, kò ní lágbára. Nítorí náà, Bazalgette àti igbákejì rẹ̀, John Grant, pàṣẹ pé kí wọ́n máa yẹ sìmẹ́ǹtì tí wọ́n bá kó dé wò: wọn a po díẹ̀ nínú rẹ̀, wọn a mọ ọ́n bíi bíríkì kékeré, wọn a rì í sínú omi fún ọjọ́ díẹ̀, wọn a sì fà á títí yóò fi já, kí wọ́n lè mọ bí agbára rẹ̀ ti tó. Afárá tí ó bá sán, gbogbo ayé ni yóò rí i. Kòtò tí ó bá sán lábẹ́ ilẹ̀, àìsàn ni yóò kọ́kọ́ sọ fún ni. Nígbà tí onígbáméjì padà dé ní 1866, apá ìlà-oòrùn ìlú, níbi tí iṣẹ́ náà kò tíì parí, ni ó ti jà jù.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, má ì tíì sọ pé kí wọ́n gbé ọ kúrò níbẹ̀. Dúró títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi lè mọ sìmẹ́ǹtì tí kò dára, tí ẹnu rẹ yóò sì gbà á láti kọ̀ ọ́ níwájú ọ̀gá. Nígbà tí o bá tún kọ̀wé, sọ fún mi ohun tí ẹ ń ṣe sí èyí tí ó bá kùnà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.