Lẹ́tà sí Àǹtí mi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ọ̀gá

Àǹtí mi,

Ẹ kú ilé o. Ṣé orúnkún ti fúyẹ́ díẹ̀? Bọ̀dá Kúnlé ní láti ìgbà tí rédíò ti gbé e jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, pé ìjọba àpapọ̀ ti wọ́gi lé ìlànà fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ, inú yín ò dùn mọ́. Wọ́n ní ẹ pa rédíò, ẹ ní, "Wọ́n ti sọ iṣẹ́ ayé mi dòfo." Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé bírò sí mi lọ́wọ́.

Ẹ gbọ́, ìgbà wo ni ìjọba rán yín níṣẹ́ náà? Ọdún 1983 lẹ gbaṣẹ́ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí olùkọ́ Gíréèdì Túù, nígbà tí Òṣogbo ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìlànà tí wọ́n fagi lé yìí, ọdún 2022 ni wọ́n fọwọ́ sí i, ẹ sì ti fẹ̀yìn tì. Lóòótọ́, ìlànà ọdún 1977 ti ní kí wọ́n fi èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ẹgbẹ́ yín ló kà á sí?

Ẹ̀yin kà á sí. Nígbà tí wọ́n sọ yín di ọ̀gá ilé ìwé, tí ó yẹ kí ẹ jókòó sí ọ́fíìsì kí ẹ máa buwọ́ lu rẹ́jísítà, ẹ kọ̀, ẹ ò fi Pírámárì Wáànù sílẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Ẹ ó da ìdérí ìgò ogún sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ ó ní kí ọmọ kan mú mẹ́ta kúrò. "Mélòó ló kù?" Ọmọ á pariwo, "Mẹ́tàdínlógún!" Ẹ ò ní sọ pé ó gbà á. Ẹ ó ní kó kà á. Á fi ìka tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ á máa mì, ìgbà tó bá dé orí èyí tó kẹ́yìn lojú rẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ là: ogún tí a dín mẹ́ta nínú rẹ̀ ló ti ń pè láti ilé ìyá rẹ̀, kò kàn mọ̀ pé ìṣirò ni. Sẹfuntíìn ò lè ṣe ìyẹn fún un láéláé.

Mo rántí ìyá aláṣọ àdìrẹ kan láti Ọjà Ọba tó wá bá yín jà. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì lòun ní kí ẹ kọ́ ọmọ òun, pé wọ́n ń gbọ́ Yorùbá nílé. Ẹ ní, "Ẹ ń se ọbẹ̀ nílé náà, kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ oúnjẹ?" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé aládàáni ní táàmù kejì. Wọ́n ń lọ bẹ́ẹ̀, owó oṣù di ààbọ̀, ẹ ò sì mikàn.

Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní ibi tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ni lọmọ ti ń já jù ní WAEC, NECO àti JAMB. Kí ni kí n pe èyí? Nígbà tí ọmọ tó ṣe WAEC ní 2025 ń wọ pírámárì, ta ló ti gbọ́ nípa ìlànà 2022? Ọ̀pọ̀ wọn, owó ìtanràn ni wọ́n ń san bí wọ́n bá sọ fanákúlà! Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá, onímọ̀ ẹ̀kọ́ nì, àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ti dán an wò ní Ifẹ̀ láti ọdún 1970. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì fún wọn ní olùkọ́ ọ̀tọ̀ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú. Àwọn ọmọ náà ò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta ẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, lórí ọ̀kadà, lọ́nà Òkè-Fìà.

Ìjọba kan sọ pírámárì Ọ̀ṣun di ẹlẹ́mẹ́ńtírì, ó gé e sí ọdún mẹ́rin. Èyí tó tẹ̀ lé e dá a padà sí mẹ́fà. Nínú gbogbo rẹ̀, ṣé ìdérí ìgò yín dín kan? Wọn ò lè wọ́gi lé ohun tí kò tọwọ́ wọn wá.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Àwọn nóòtù ẹ̀kọ́ yín tó wà nínú àpótí páànù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fẹ́ gbà wọ́n. Wọ́n ti fún mi ní kíláàsì kìn-ín-ní níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá wa kò fẹ́ gbọ́ Yorùbá sétí, àmọ́ òun kì í dé kíláàsì wa kí ìsinmi ọ̀sán tó dé. Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Bọ̀dá Kúnlé kó má fi wọ́n dáná.

Ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́