Kọ ohun tí ojú rẹ rí

Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ Ajé.

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àlejò wà nílé nígbà tí o pè mí lálẹ́ àná, n kò sì lè dá ọ lóhùn bó ti yẹ, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà. O ní wọ́n kọ́ yín ní láàbù bí a ṣe ń fi àwọ̀ Gram dá bakitéríà mọ̀, pé Staphylococcus ni olùkọ́ fún yín, pé elésè-àlùkò ló yẹ kí ó jẹ́ lábẹ́ máíkírósíkópù, ṣùgbọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú ni ìwọ rí, ni o bá yọjú wo ìwé ẹni tó jókòó tì ọ́, o sì kọ "elésè-àlùkò" sílẹ̀. O fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè bá ọ rẹ́rìn-ín, nítorí ọdún 31 ni mo lò nídìí iṣẹ́ yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ohun tí ìwé tí kò bá ojú mu lè dá sílẹ̀.

Ìyá mi, tó rẹ aṣọ láró ní Ìtòkú títí èékánná rẹ̀ fi dúdú, mọ̀ pé aṣọ tó nípọn àti èyí tó fẹ́lẹ́ kì í di aró mú bákan náà bí a bá ń fi omi ṣàn wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ti bakitéríà rí. Crystal violet, àwọ̀ elésè-àlùkò, máa ń wọ ara gbogbo wọn, áyódíìnì yóò sì so mọ́ ọn nínú sẹ́ẹ̀lì kí ó má baà tètè jáde. Nígbà tí sípíríìtì bá dé, àwọn tí ògiri ara wọn nípọn yóò di àwọ̀ náà mú, àwọn tí ògiri tiwọn fẹ́lẹ́, tí awọ ọlọ́ràá kan sì bò ó lóde, yóò jọ̀wọ́ rẹ̀, safranin, àwọ̀ kejì, yóò sì wá kùn wọ́n ní pupa. Ọwọ́ sípíríìtì yẹn ni gbogbo ìdájọ́ wà. Bí ó bá fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ pẹ́ jù, èyí tó nípọn pàápàá yóò ṣí.

Nítorí náà, síláìdì rẹ kò purọ́. Ó lè jẹ́ pé sípíríìtì ló pẹ́ jù lórí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé bakitéríà tí wọ́n fún yín ti lo ọjọ́ púpọ̀ lórí ágà, ohun dídì tí a ń gbìn wọ́n sí, nítorí bí wọ́n bá ti ń gbó ni ògiri ara wọn ń rọ, èyí tí kò tíì ju wákàtí 24 lọ ni a sì máa ń fẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé o yan síláìdì náà lórí iná bí ẹni yan àgbàdo, nígbà tí ó jẹ́ pé kí a kàn gbé e kọjá nínú iná lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta ni. Tàbí kẹ̀, kì í ṣe Staphylococcus ni o wò rárá, nǹkan mìíràn ló bá ọwọ́ rẹ wọlé. Olùkọ́ rẹ ìbá bá ọ wá ìdí rẹ̀ rí kíákíá, ṣùgbọ́n o ti fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn dí ojú ọ̀nà.

Hans Christian Gram tí ẹ ń pe orúkọ rẹ̀ yìí, dókítà ará Denmark ni, ní Berlin ló sì ti ń wo ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí òtútù àyà pa. Nígbà tí ó tẹ ọ̀nà yìí jáde ní 1884, ó kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ pé òun mọ̀ pé ó ṣì ní àbùkù púpọ̀, àmọ́ òun ń retí pé yóò wúlò lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Kò fi àbùkù rẹ̀ pamọ́, síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni a ṣì ń lò dòní.

Jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n gbé omi ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọdé kan wá, wọ́n ń fura sí yírùnyírùn. Mo rí bakitéríà róbótó ní méjì-méjì, wọ́n sì pupa. Mo kọ bẹ́ẹ̀, mo sì ya ìrísí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́: orí wọn ṣóńṣó níta bí ẹnu ọ̀kọ̀. Ọ̀gá mi wò ó, ó ní àwọ̀ yìí àti ìrísí yìí kò bára wọn lọ, nítorí èyí tó máa ń pupa nínú irú omi bẹ́ẹ̀ dà bí ẹ̀wà méjì tó kọjú síra wọn. Ó bi mí pé, "Báwo ni sípíríìtì ṣe pẹ́ tó lórí rẹ̀?" N kò mọ̀, ọ̀rọ̀ ni mo ń sọ nígbà náà. A tún un ṣe, ó sì jẹ́ elésè-àlùkò. Orúkọ àrùn yí padà, ohun tí wọ́n máa sọ fún àwọn ará ilé ọmọ náà sì yí padà pẹ̀lú. Ojú tì mí gidigidi, ṣùgbọ́n bí mo bá ti tún àwòrán yẹn ṣe kí ó lè bá àwọ̀ mu ni, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ pé àṣìṣe wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kì í kun síláìdì kan láì fi Staphylococcus, tó yẹ kó jẹ́ elésè-àlùkò, àti E. coli, bakitéríà tó yẹ kó pupa, tí mo mọ̀ dájú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí àwọ̀ méjèèjì yẹn kò bá pé, n kò ní gba ti ẹnìkẹta gbọ́.

Ní ti ohun tó lè bá ọwọ́ wọlé, fi lúùpù, wáyà tí a fi ń bu bakitéríà, sínú iná títí yóò fi pọ́n wẹ̀ẹ̀, kí o sì jẹ́ kí ó tutù kí o tó fi kan bakitéríà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wàá jó wọn pa. Ẹ̀yìn àwo Petri, àwo pẹlẹbẹ tí a ń gbin bakitéríà sí, ni kí o kọ orúkọ sí, má ṣe kọ ọ́ sí ìdérí, torí ìdérí a máa ṣìnà. Dojú àwo dé nígbà tí o bá ń gbé e sínú ooru 37°C, kí omi inú ìdérí má baà kán lé ohun tí o gbìn. Ágà fúnra rẹ̀, inú ilé ìdáná ló ti wá: ìyàwó Walther Hesse, dókítà ará Germany tó ń wádìí bakitéríà, Fanny, ló dábàá rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ ní 1881, nítorí gelatin tí wọ́n ń lò máa ń yọ́ nínú ooru. Petri tó ṣe àwo ní 1887 ní orúkọ lára àwo, Fanny kò ní orúkọ lára ágà. Ó máa ń dùn mí.

Bí iná mànàmáná bá lọ nígbà tí autoclave, ìkòkò tí a fi ooru pa bakitéríà, ti lo ìṣẹ́jú 10 ní 121°C, má ṣe fi 5 kún un nígbà tó bá dé, ìṣẹ́jú 15 mìíràn ni kí o kà látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn bakitéríà tó ń sọ igbá di irú wà lára àwọn tó máa ń fi ara pamọ́ sínú èèpo líle, omi híhó lásán kì í sì í pa wọ́n tán. Aṣọ funfun láàbù rẹ kò sì gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná mi nígbà ìsinmi.

Lọ bá olùkọ́ rẹ lọ́la. Fa ìlà kan ṣoṣo sórí ohun tí o kọ, kí ó ṣì ṣe é kà, kọ "pupa" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, kí o sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún ọ ní èyí tí wọ́n gbìn lálẹ́ àná. Gbé síláìdì náà ní ìdagẹ̀rẹ̀, rọ sípíríìtì díẹ̀díẹ̀, kí o sì fi omi dá a dúró bí ohun tó ń ṣàn bá ti mọ́. Lẹ́yìn náà, pè mí kí o sọ àwọ̀ tí o rí fún mi, ìbáà pupa, ìbáà jẹ́ elésè-àlùkò.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.