Ará Kétu ń sọ Faransé fún wa l'Ábẹ́òkúta

Olóòtú,

Inú ń bí mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pe àwa aládìrẹ Ìtòkú sí ìpàdé kan nítòsí Kútọ̀, lórí bí ọjà wa ṣe lè máa gba bodè Ìdí-Ìrókò láìsí wàhálà. Bàbá kan tó wá láti Kétu ní ilẹ̀ Benin dìde, ó ń sọ Faransé. Ọmọkùnrin kan ń tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fún wa ní nǹkan kan ká fi sí etí, Gẹ̀ẹ́sì náà ló ń dún níbẹ̀. Ìyá aláró tó jókòó tì mí yọ tiẹ̀, ó gbé e lé itan, oorun gbé e lọ.

Nígbà tí oúnjẹ dé, bàbá Kétu yìí kan náà ló ń wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ ìyá, ẹ fi ọbẹ̀ kún un." Yorùbá tó já gaara! Mo bi bàbá náà pé kí ló dé tí kò fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀. Ó ní èdè ìpàdé ni wọ́n ní kóun sọ.

Èdè ìpàdé wo? Mo mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Potogí ni ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ń lò. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà gba Swahili mọ́ èdè iṣẹ́ wọn ní 2022, ọ̀run ò sì já. Yorùbá wà ní Nàìjíríà, ó wà ní Benin, ó wà ní Tógò. Ará Kétu àti ará Ẹ̀gbá, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀!

Àwọn ọ̀gá tó ń ṣètò nǹkan wọ̀nyí, ojú àlejò nìkan ni wọ́n ń wò. Kí wọ́n wá ògbufọ̀ láàárín àwọn obìnrin tó ń kó àdìrẹ lọ sí Kùtọ̀nú. Wọ́n gbọ́ Faransé ọjà, wọ́n mọ iye tí náírà ń pa sí sẹ́fà tí wọ́n ń ná ní Benin, wọ́n mọ ohun tí aṣọ́bodè ń gbà àti èyí tí kò yẹ kó gbà. Kí wọ́n kọ́ wọn ní iṣẹ́ ògbufọ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n san owó gidi fún wọn, kì í ṣe owó ọkọ̀. Kí wọ́n sì tẹ ìwé ìpàdé ní Yorùbá. Ìlú tó ti ń ka ìwé ìròyìn Yorùbá láti 1859 nìyí.

Ìwé tí mo fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà ṣì wà nínú báàgì mi. Ojú ewé mẹ́rin, Gẹ̀ẹ́sì látòkè délẹ̀. Mi ò tíì mọ ohun tí mo gbà láti ṣe.

Aládìrẹ kan,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta