Àkànní, Mi Ò Ní Fi Àgbo Ránṣẹ́

Ògbómọ̀ṣọ́

Àkànní ọmọ mi,

Mo ti wo fọ́tò èsì àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ tí o fi ránṣẹ́. Àgbo tí o ní kí n bá ọ rà ní Tákíé, kí n fún dírẹ́bà gbé wá sí Èkó láti fi fọ ẹ̀dọ̀, mi ò ní rà á.

Gbé ìwé náà síwájú, kí o wò ó bí àwa nọ́ọ̀sì ṣe ń wò ó. ALT rẹ, ọ̀kan lára àwọn èròjà tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀dọ̀ wò, jẹ́ 58, lábù yín sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kò yẹ kó ju 41 lọ. AST, èròjà mìíràn bíi rẹ̀, jẹ́ 46, wọ́n ní kó má ju 40. H tí wọ́n kọ sára àwọn méjèèjì, pé ó ga, ló gba oorun lójú rẹ. Wo ìsàlẹ̀ ná: bilirubin, ohun aláwọ̀ yẹ́lò tí ẹ̀dọ̀ máa ń yọ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, wà níbi tó yẹ, albumin, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀, náà wà níbi tó yẹ. Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe albumin, nítorí náà ó ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì ni ALT àti AST ń gbé. Bí nǹkan bá ni sẹ́ẹ̀lì lára ni wọ́n máa ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí epo bá ń kán lábẹ́ kẹ́ẹ̀gì, o mọ̀ pé ó ti lu níbì kan, àmọ́ o ò tíì mọ ohun tó dá a lu, o ò sì lè sọ pé epo ti tán.

Ohun tó lè fà á pọ̀. Irin tí o ń gbé ní jíìmù wà níbẹ̀: AST wà nínú iṣan ara dáadáa, ALT náà wà níbẹ̀ díẹ̀, ẹni tó bá sì gbé irin wúwo kó tó lọ ṣe àyẹ̀wò, nọ́ńbà rẹ̀ lè gòkè láìjẹ́ pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ní wàhálà kankan. Ọtí lè fà á (má dá mi lóhùn, mo mọ ohun tí ẹ ń mu lálẹ́ Jímọ̀). Ọ̀rá tó kóra jọ sínú ẹ̀dọ̀ náà lè fà á, pàápàá fún ẹni tó ń fi mínírà sin oúnjẹ. Parasitámọ̀ àlòjù ńkọ́? Oníwọ̀n mílígíráàmù 500 yẹn ò gbọdọ̀ ju mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24, òmíràn sì máa ń fara pamọ́ sínú oògùn ọ̀fìnkìn.

Àgbo náà lè fà á. Mi ò kẹ́gàn ewé o, àgbo ni ìyá tèmi fi wò mí dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ yìí kan náà ló máa forí fá ohunkóhun tí o bá mu, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn àti bó ṣe pọ̀ tó. Ọtí ni àwọn míì tiẹ̀ fi ń rẹ tiwọn. Tíì tí wọ́n ń polówó lórí Instagram pé ó ń fọ ẹ̀dọ̀, ọ̀kan náà ni. Nǹkan tí a máa yọ kúrò la ń wá, kì í ṣe èyí tí a máa fi kún un.

Èyí tí mi ò fẹ́ kí o fi falẹ̀ ni hẹpatáítíìsì B, àrùn kòkòrò tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, ó sì lè wà lára ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfi àmì kankan hàn. Mo ti bí ọ kí Nàìjíríà tó fi abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kún ti àwọn ọmọ ọwọ́ ní 2004. Sọ fún dókítà pé o fẹ́ ṣe HBsAg, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá a, kí wọ́n yẹ hẹpatáítíìsì C náà wò. Bí kò bá sí lára rẹ, gba abẹ́rẹ́ náà: èkíní lójú ẹsẹ̀, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta nígbà tó bá pé oṣù mẹ́fà sí ti àkọ́kọ́. Bó bá wà níbẹ̀, kì í ṣe ikú. Oògùn tó ń tẹ̀ ẹ́ rì wà, dókítà ló máa sọ bóyá o nílò rẹ̀.

Fún ti ALT yẹn, fi ọtí sílẹ̀ báyìí, sinmi jíìmù fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán kí o tó tún un ṣe. Dókítà ló máa dá ọjọ́ fún ọ. Bó bá wọ ìgbà tí o máa wálé, a lè lọ sí ọsibítù Bowen tàbí ti LAUTECH níbí. Bó bá ṣì ga, wọ́n lè ní kí o ṣe skáànù. Ṣùgbọ́n bí ojú rẹ bá pọ́n bí ẹni tó ní ibà pọ́njú, tí ìtọ̀ dúdú, tí ikùn wú, tàbí tí o bì ẹ̀jẹ̀, má dúró de ọjọ́ kankan, ọsibítù ni.

Ike páúdà tí o ń pò mu nítorí jíìmù, ya ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lónìí. Mo fẹ́ ka ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ